Àpáta Inú Ilé Bernadette

Àpáta kan wà nínú yàrá ẹ̀yìn ilé Bernadette ní Òdòdé, ní ìlú Ìdànrè. Ẹnikẹ́ni kò gbé e wọlé. Ó ti wà níbẹ̀ kí ilé tó dé. Nígbà tí bàbá Bernadette ń kọ́ ilé náà, àwọn bíríkìlà ní kí àwọn dáná sí i lára, kí àwọn da omi tútù lé e, kí ó lè fọ́. Bàbá kọ̀. Ó ní òun ò bá àpáta ṣọ̀tá. Ó mọ ògiri gba orí rẹ̀ kọjá. Ìdajì wà nínú yàrá, ìdajì wà ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn obìnrin àdúgbò ti ń sá kòkó. Wọ́n fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kú. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ kejì ni àpáta yẹn.

Nínú ilé wọn, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́, yóò bọ́ bàtà, yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ àpáta. Bàbá ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọ bàtà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì dé ilẹ̀.

Ọmọ méjì ló fi ilé sílẹ̀ fún. Benedict ni ẹ̀gbọ́n. Ó ṣe ọ̀gá ilé ìwé girama ní Àkúrẹ́, ó ti fẹ̀yìn tì, ó kọ́ ilé síbẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo máa ń ṣọ́ra fún ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bernadette ni àbúrò. Òun ni èmi, bàbá àgbà àdúgbò wọn, fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ó kúrú. Ọwọ́ rẹ̀ kéré bí ọwọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ le. Ọkọ rẹ̀ kú sí Èkó. Kò bímọ. Àwọn tó fẹ́ fi ìyẹn bú u ti bú u, ó ti dá wọn lóhùn, ó ti tán.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ gíláàsì. Kì í ṣe gíláàsì fèrèsé. Wọ́n ń lọ lẹ́ǹsì gíláàsì ojú, wọ́n sì ń lọ èyí tó kéré sí i: ti kámẹ́rà, ti awò àwọn tó ń wọn ilẹ̀, ti máíkírósíkóòpù tí wọ́n fi ń wo kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbálẹ̀ ló mú un wọ ibẹ̀. Ó ń gbálẹ̀, ó ń wo ọwọ́ àwọn ọkùnrin. Lọ́jọ́ kan ó gbé lẹ́ǹsì kan tí wọ́n ti parí padà fún ọ̀gá, ó ní ó họ. Àwọn ọkùnrin fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fi awò wò ó. Ó họ lóòótọ́. Ọ̀gá gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún ẹni tó lọ lẹ́ǹsì náà.

Èyí tó kéré jù nínú iṣẹ́ wọn kò ju hóró ata lọ. Hóró inú ata rodo ni mò ń wí. Apá kan yọ rogodo, apá kejì tẹ́jú. Bí o bá mí sí i, ó lọ nìyẹn. Adìẹ gbé ọ̀kan mì ní ẹ̀yìnkùlé Bernadette lọ́dún kan. Ó pa adìẹ náà lójú ẹsẹ̀. Inú iwe rẹ̀ ló ti bá lẹ́ǹsì. Ó ti họ gbogbo ara. Bernadette ní adìẹ náà gbọ́ iṣẹ́, àmọ́ kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Láti ìgbà yẹn kò sí adìẹ nínú ilé rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Èkó ti ilẹ̀kùn nígbà tí lẹ́ǹsì oníke ń ti òkè òkun wọlé ní páálí páálí. Ọ̀gá fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀pá irin kan ni, ó dúró lóòró, ó ń yí. Wọ́n máa ń de ife idẹ kékeré mọ́ ọn lórí, inú ife yẹn ni gíláàsì ti ń di rogodo. Bernadette gbé e wá sílé. Ó yọ mọ́tò rẹ̀ kúrò nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé iná Òdòdé. Ó so ó mọ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fi ẹsẹ̀ wà á.

Ó kọ́kọ́ gbé e sórí tábìlì. Kò ṣeé ṣe. Mọ́nsúrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, ó ń fi ẹ̀ńjìnnì lọ ata. Bí Mọ́nsúrù bá ti fa okùn ẹ̀ńjìnnì, abọ́ á máa jó lórí tábìlì Bernadette, ṣíbí á máa lu abọ́. Ta ló lè lọ hóró ata lórí ohun tó ń jó? Bernadette gbé irin ẹlẹ́nu mímú àti òòlù, ó lọ bá àpáta inú yàrá. Ó gbẹ́ ihò mẹ́rin sí i. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi gbẹ́ wọn. Ó fi sìmẹ́ǹtì gbin bóòtù sínú ihò, ó de ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, kí Mọ́nsúrù máa bú ramúramù bó ṣe wù ú. Àpáta kì í jó.

Mọ́nsúrù fẹ́ràn láti máa fín in níràn.

"Màmá, iṣẹ́ kan náà là ń ṣe. Èmi ń lọ ata, ẹ̀yin ń lọ hóró rẹ̀."

"Tìẹ ni wọ́n ń jẹ," ni Bernadette á wí. "Tèmi ni wọ́n fi ń rí ohun tó ń jẹ wọ́n."

Gíláàsì ojú ló fi ń jẹun. Àwọn àgbẹ̀ tí ojú wọn ti ń ṣú á wá láti oko kòkó, Bernadette á yẹ ojú wọn wò, á lọ gíláàsì fún wọn. Èyíinì kò le. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, ìgbàkígbà ló ń ṣe é. Ọdún méje kọjá bẹ́ẹ̀. Lẹ́ǹsì tó tó hóró ata, ó ṣe é bíi mélòó kan láti fi dán ọwọ́ rẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó béèrè fún un.

Oṣù kìíní ọdún tó kọjá ni Toheeb dé. Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣe oko kòkó fún olóko ní Ìdànrè, ibí ni wọ́n bí Toheeb sí. Ó kàwé díẹ̀, ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà Ọ̀wẹnà. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, eruku bo gbogbo nǹkan. Ó di ohun kan mọ́ inú aṣọ ìnujú, ó tú u sílẹ̀ níwájú Bernadette. Imú máíkírósíkóòpù ni, ibi tó ń súnmọ́ ẹ̀jẹ̀. Lẹ́ǹsì wà ní ṣóńṣó rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ojú awò wa ti fọ́."

Bernadette yẹ̀ ẹ́ wò. "Kò fọ́. Ó họ. Ta ló fi aṣọ eléruku nù ún?"

"Ẹ má bi mí, mà."

"Mo ti bi ọ́."

"Èmi ni."

Ó ní bí òun bá ń wo ẹ̀jẹ̀ nísinsìnyí, bí ẹni tó ń wo ìta nínú kùrukùru ni. Níjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn òun wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan, òun ní kò ní ibà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà ti ń gbọ̀n, wọ́n gbé e dé Àkúrẹ́ kí ó tó rí ìtọ́jú. Ó yè. Toheeb ò rí oorun sùn láti ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Àkúrẹ́ yá a ní máíkírósíkóòpù, àmọ́ yóò gbà á padà ní ọjọ́ kẹwàá sí òní.

Ohun tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni pé Benedict wà nílé lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ilé ló tún bá wá. Ó fẹ́ kí wọ́n fọ́ àpáta, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta síbẹ̀, kí Bernadette wá máa gbé ní bọ́ìsì kóòtà rẹ̀ ní Àkúrẹ́, kó máa ṣọ́ ilé bí wọ́n bá lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Èkó. Ó ti ń sọ ọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ó gbọ́ ohun tí Toheeb wí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bernadette, lẹ́ǹsì máíkírósíkóòpù? Kọ̀ǹpútà ló ń lọ ìyẹn ní òkè òkun. Nínú yàrá tí eruku ò gbọdọ̀ wọ̀. Wo eruku níbí!"

"Bùọ̀dá, kí kọ̀ǹpútà tó dé, ta ló ń lọ̀ ọ́?"

"Àwọn òyìnbó."

"Ìka mélòó ni wọ́n ní?"

Mọ́nsúrù ti yọjú lójú fèrèsé. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dun Benedict. Ó gbóhùn sókè.

"Ó dáa. Ṣe é kí ọjọ́ mẹ́wàá yẹn tó pé. Bó bá ríran bí èyí tí wọ́n yá a, mi ò ní dárúkọ àpáta yìí mọ́ láyé. Bí kò bá ríran, wàá kó ẹrù rẹ, àwọn tó ń fọ́ òkúta á wọlé."

"Ta ló máa dájọ́?"

"Toheeb."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ mí kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹbí," ni Toheeb wí.

"O ti wà níbẹ̀," ni Bernadette dá a lóhùn. "Ìwọ lo fi aṣọ nù ún." Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ bọ́ bàtà, Bùọ̀dá."

Benedict wo bàtà rẹ̀. Bàtà olókùn ni. Ó tẹríba, ó tú okùn, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì gun àpáta. Báyìí ni ilé bàbá wọn ṣe bọ́ sórí ohun tí kò ju hóró ata lọ.

Ọjọ́ mẹ́wàá.

Gíláàsì fèrèsé kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Bernadette ní kámẹ́rà àtijọ́ kan tí ayàwòrán kan tó ti kú fi sílẹ̀. Ó yọ lẹ́ǹsì rẹ̀, ó gé e. Èyí tó dára nínú rẹ̀ kò lè ṣe ju hóró méjì lọ. Ó rọra tú lẹ́ǹsì tó họ kúrò ní imú ẹ̀rọ Toheeb. Ojú tó tẹ́jú ló họ, ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ rogodo ṣì dára. Ẹ̀yìn yẹn ló fi wọn ife idẹ rẹ̀, kí tuntun lè rí bí àtijọ́ gan-an.

Yanrìn dúdú ló kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná bí àtíkè. Ọjọ́ mẹ́rin. Ní òpin rẹ̀, lẹ́ǹsì ti ní ìrísí rẹ̀, àmọ́ ó ṣì funfun bí ojú arúgbó tí àwọ funfun ti bò. Ó ku dídán. Dídán ni gbogbo iṣẹ́. Ó máa ń se oje igi àti ìda oyin pọ̀ di ọ̀dà, á da ọ̀dà yẹn sínú ife, á bu ìyẹ̀fun pupa sí i, á máa rọra yí lẹ́ǹsì nínú rẹ̀. Ọ̀dà ló ń dì í mú, ìyẹ̀fun ló ń dán an. Bí ọ̀dà bá le jù, á ha lẹ́ǹsì. Bó bá rọ̀ jù, á jẹ ẹ́ létí.

Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún ló dán an. Ó ń wà á láti aago méjì títí di aago márùn-ún. Nígbà tó parí, ó gbé e lé gíláàsì tó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá dára, àwọ̀ á yọ láàárín wọn bí epo mọ́tò lórí omi, á di òrùka, òrùka á yí po títí dé etí. Òrùka yọ. Ní etí, ó wọ́. Díẹ̀ ni. Bernadette rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé òun rí i. Ó wí fún ara rẹ̀ pé díẹ̀ ò lè ṣe nǹkan. Ọdún mẹ́tàlélógún ní Èkó, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Toheeb gbé e lọ, ó fi sí imú awò, ó padà wá ní ọjọ́ kejì. Kò fẹ́ jókòó.

"Màmá, àárín rẹ̀ mọ́ bí omi."

"Etí ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ò ní bínú sí mi?"

"Mo ní etí ńkọ́?"

"Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń dáko sun lókèèrè. Èéfín ni."

Òdòdé kò ní àṣírí. Kí Toheeb tó dé òpópónà, Benedict ti fóònù láti Àkúrẹ́.

"Ṣé kí n wá ọkọ̀ tó máa kẹ́rù?"

"Ọjọ́ mẹ́wàá la sọ, Bùọ̀dá. Ọjọ́ mẹ́fà lòní. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ aráyé ní ìṣirò."

Ó pa fóònù. Ó lọ jókòó sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ń wo ilẹ̀. Gíláàsì tó kù kò ju ẹyọ kan lọ. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ fún un. Ọyẹ́ ń fẹ́ nínú yàrá. Gbogbo ara rẹ̀ tutù. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó dìde. Ó yí sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn obìnrin ti ń kó kòkó wọn nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan àpáta níbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀. Bí agbada orí iná ló rí. Ó tún padà wọlé, ó fọwọ́ kan ti inú yàrá, ní ìdí ògiri, lẹ́yìn náà ní ìdí ẹ̀rọ. Ooru ń gba abẹ́ ògiri wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ó ki èékánná bọ ọ̀dà inú ife. Èékánná wọlé bí ẹni pé ẹ̀kọ gbígbóná ni.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àpáta ẹ̀yìnkùlé ń gbóná lọ́sàn-án. Nítorí rẹ̀ la ṣe ń sá kòkó lé e. Kò sí ọmọ Ìdànrè tí kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nítorí pé ògiri wà láàárín, Bernadette náà ti gbàgbé pé àpáta kan náà ni. Ó fi gbogbo ọkàn tán an nítorí pé kì í mì. Kò béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Gíláàsì ojú kò mọ ooru kékeré bẹ́ẹ̀ lára, òun ni kò fi rí i láti ọdún méje. Hóró ata mọ̀ ọ́n lára.

Ó gbá àpáta náà ní ìgbátí. Mọ́nsúrù gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Bàbá mi gbà ọ́ lọ́wọ́ iná," ló wí. "Ìwọ lo wá fẹ́ lé mi jáde?"

Mọ́nsúrù wá sójú fèrèsé. Ó bi í kí ló dé. Bernadette sọ fún un.

"Ẹ gbé e sórí tábìlì nígbà náà, Màmá. Màá pa ẹ̀ńjìnnì fún yín. Ọjọ́ mẹ́rin kì í ṣe nǹkan."

"Àwọn tó fẹ́ se ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ní ọlọ nílé."

"Láyé ìgbà wo? Lọ sídìí ata rẹ, Mọ́nsúrù. Àpáta ló bà á jẹ́, àpáta ló máa tún un ṣe."

Ohun tó ṣe nìyí. Àpáta a máa tutù jù ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn òkè. Òkè wa ga, oòrùn kì í tètè dé ẹ̀yìnkùlé wọn. Láti ìgbà tí agogo ìsìn àkọ́kọ́ bá lù títí oòrùn á fi bọ́ sórí kòkó, ó tó wákàtí méjì. Wákàtí méjì yẹn ló yàn. Àmọ́ ní ìdájí ọyẹ́, ọ̀dà a máa le bí òkúta. Ó fi ìda oyin kún un. Ó tún fi kún un. Ó ń ki èékánná bọ̀ ọ́. Ìgbà kẹrin ni èékánná wọlé ìdajì tó sì dúró, ó ní ó tó.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń wa ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ òsì, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àpáta. Òtútù á mú ẹsẹ̀ yẹn títí á fi kú tipiri. Bó bá ti ń jí, bí ó bá ti mọ̀ pé ìka ẹsẹ̀ òun tún wà lára òun, á dáwọ́ dúró. Kò ní wo aago. Kò ní wo ibi tí iṣẹ́ dé.

Ife idẹ ti wà nílẹ̀ báyìí, kò gbà á ní ọjọ́ mẹ́rin mọ́. Ọjọ́ keje àti ìkẹjọ ló fi lọ èyí tó kù náà di rogodo, ó fi ọ̀sán ṣe é nítorí yanrìn kò bẹ̀rù ooru. Ìdájí ọjọ́ kẹsàn-án ló bẹ̀rẹ̀ sí dán an. Mo wà níbẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ jí nígbà tí ó ku díẹ̀ gan-an. Lẹ́ǹsì ti mọ́. Bí wọ́n bá gbé e fún ọ, wàá ní ó ti tán. Ó gbé e sórí gíláàsì ìyẹ̀wò. Òrùka yọ. Ó ṣì wọ́ díẹ̀ ní etí, ó kéré sí ti àkọ́kọ́.

"Ṣé kò tíì tó?" ni mo bi í. "Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀."

"Kò tíì tó, Baba."

"Fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un."

"Àpáta ti ń yá. Kò ní gbọ́ pé ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀."

Ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ, ó lọ ra ẹ̀wà jẹ. Èmi ì bá má dáwọ́ dúró. Mo sọ òtítọ́.

Ìdájí ọjọ́ kẹwàá, ó tún jókòó sí i. Benedict ti tètè kúrò ní Àkúrẹ́. Takisí rẹ̀ dé kí oòrùn tó yọ, ó sì bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bernadette, o ò tíì parí? Ọjọ́ ti pé."

Kò gbójú sókè. "Ilẹ̀ ò tíì mọ́, Bùọ̀dá. Ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn, eruku ń bọ̀ lára aṣọ yín."

Benedict sún sẹ́yìn. Kò sí ohun tí a gbọ́ ju ẹ̀rọ tó ń yí lọ. Nígbà tó yá, Bernadette mi ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró. Ó fọ lẹ́ǹsì, ó gbé e lé gíláàsì. Ó wò ó pẹ́. Kò pe ẹnikẹ́ni kó wá wò ó. Ó fi ìda lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu igi kékeré kan kó má bàa sọnù, ó wọ bàtà, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Takisí Benedict ló gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Mo bá wọn lọ. Mọ́nsúrù pa ẹ̀ńjìnnì rẹ̀, ó ní òun náà ní ibà tí òun fẹ́ yẹ̀ wò. Irọ́ ni.

Toheeb ti to àwọn awò méjèèjì sórí tábìlì kan. Ó fẹ́ fi lẹ́ǹsì sí àyè rẹ̀, Bernadette gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Gíláàsì pẹlẹbẹ mẹ́ta wà nílẹ̀ tí wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ sí, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mẹ́ta. Toheeb á fi awò Àkúrẹ́ ka kòkòrò, á kọ ọ́ sílẹ̀, á tún fi ti Bernadette ka ojú ibì kan náà.

Ẹ̀jẹ̀ kìíní, mẹ́rìnlá lọ́hùn-ún. Mẹ́rìnlá níbí.

Ẹ̀jẹ̀ kejì, kò sí nǹkan lọ́hùn-ún. Kò sí níbí.

Ẹ̀jẹ̀ kẹta, ó rí mẹ́ta nínú ti Àkúrẹ́. Ó bọ́ sídìí ti Bernadette. Ó wò ó. Ó tún un yí. Ó padà sídìí ti Àkúrẹ́. Ó tún padà wá. Àágùn ń bọ́ lójú rẹ̀ nínú ọyẹ́.

"Toheeb," ni Benedict wí, "sọ̀rọ̀, jàre."

"Méjì ni mo rí níbí, sà."

Mọ́nsúrù ní, "Háà!"

Benedict kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn gbé ọwọ́ sápò. Bernadette nìkan ni kò mira.

"Ìkẹta lọ́hùn-ún," ló wí, "ibo ló wà?"

"Ní etí pátápátá, mà. Lọ́wọ́ òsì."

"Wo etí èyí náà."

"Mo ti wò ó."

"O wo ọwọ́ òsì. Imú awò yà díẹ̀ nígbà tí mò ń fi lẹ́ǹsì sí i, ibi tí o ń wò kò bá ti Àkúrẹ́ mu gan-an. Sún gíláàsì díẹ̀."

Toheeb fi ọwọ́ sún gíláàsì pẹlẹbẹ náà. Ìsún yẹn kò tó ìsún èèrà. Ó tún bojú wo inú awò.

"Ó wà níbẹ̀," ló wí. "Ó wà ní etí. Mẹ́ta. Màmá, etí rẹ̀ mọ́! Mo rí i títí dé ibi tó parí."

"Jẹ́ kí n wò ó," ni Benedict wí. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Mi ò rí nǹkan kan."

"Bùọ̀dá, ojú tí ẹ dì ni ẹ fi ń wò ó. Ẹ là á."

Mọ́nsúrù jáde síta lọ rẹ́rìn-ín. Benedict la ojú.

"Èwo ni kòkòrò níbẹ̀?"

"Èyí tó dà bí òrùka, sà," ni Toheeb wí. "Òrùka tó ní òkúta kan lórí."

"Mo rí i." Ó ṣì ń wò ó. "Mo rí méjì. Mo rí mẹ́ta." Nígbà tó nàró, ó nu ojú. "Ó lè jẹ́ oríire o, Bernadette."

"Ó lè jẹ́. Ẹ wá kámẹ́rà àtijọ́ mìíràn fún mi, màá tún oríire náà ṣe lójú yín."

Benedict fi gíláàsì ojú rẹ̀ sápò.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a padà délé. Benedict lọ tààrà sí yàrá ẹ̀yìn. Ó tú okùn bàtà rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó gun àpáta.

"Ó ń gbóná," ló wí.

"Lọ́sàn-án ni," ni Bernadette wí.

Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Mi ò dárúkọ rẹ̀ mọ́." Ìyẹn nìkan. Láti ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó tó mi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ bàtà, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀ lápò, ó nà án sí àbúrò rẹ̀.

"Ọ̀kan ti họ nínú rẹ̀. Kò jẹ́ kí n lè kàwé. Bá mi wò ó kí n tó máa lọ."

Bernadette gbà á, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ìdájí ni mo ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Ẹ sùn síbí."

Gíláàsì ojú ni, kì í ṣe hóró ata. Ọ̀sán kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́. Benedict fóònù ilé pé òun ò ní wálé mọ́ lónìí. Bernadette tẹ́ ẹní fún un ní yàrá bàbá wọn. Nígbà tí agogo ìsìn àkọ́kọ́ lù ní ìdájí, ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ dìde. Ẹ má wọ bàtà."